Ojú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé: ìbéèrè àwọn òbí ní Ìbàdàn àti ìdáhùn wọn

Àwọn ìbéèrè tó wà níhìn-ín ni àwọn ìyá, àwọn bàbá àti àwọn ìyá àgbà ń bi àwa nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí wọ́n tètè bí. Òmíràn wá láti orí bẹ́ǹṣì ìta, òmíràn lórí fóònù nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Bí wọ́n ṣe bèèrè ni mo ṣe kọ ọ́. Èyí tó bá kàn yín ni kí ẹ kà. Àrùn ojú kan tó ń mú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ROP, ló gba apá tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ ṣáà má fo ti ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀.

Oṣù mélòó ni ọmọ ń lò kí oṣù rẹ̀ tó pé?

Ọ̀sẹ̀ la fi ń kà á ní ọsibítù. Ọ̀sẹ̀ 40 ni oyún tó pé, tí a bá kà á láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí ìyá rí kẹ́yìn. Ọmọ tó bá jáde kó tó pé ọ̀sẹ̀ 37 ni à ń pè ní ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Èyí tó bá jáde ṣáájú ọ̀sẹ̀ 32 kéré gan-an, èyí tó bá sì jáde ṣáájú ọ̀sẹ̀ 28, wàhálà tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ bèèrè iye ọ̀sẹ̀ ọmọ yín lọ́wọ́ wa, ẹ bèèrè iye gíráàmù tó wọ̀n lọ́jọ́ tí ẹ bí i, kí ẹ kọ méjèèjì sí ẹ̀yìn káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ohun tí dókítà ojú máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn, "olóṣù méje ni" kò sì lè ràn án lọ́wọ́ púpọ̀.

Wọ́n ní olóṣù méje máa ń yè, olóṣù mẹ́jọ ni kì í yè. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ojú wọn náà rí?

Rárá o. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ọmọ bá lò sí i nínú ìyá rẹ̀ ló ń ṣe é lóore: ẹ̀dọ̀fóró, ọpọlọ, ojú, gbogbo rẹ̀. Ti olóṣù mẹ́jọ sàn ju ti olóṣù méje lọ.

Kí ni ojú ọmọ tiẹ̀ ń ṣe nínú oyún?

Ó ń ṣiṣẹ́ láìsinmi. Ìpéǹpéjú òkè àti ti ìsàlẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10, wọn ò sì ní là títí di àárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ kan fi ń dé ọ̀dọ̀ wa tí ojú wọn ṣì dì pa. Bàbá kan tiẹ̀ rò pé ọmọ òun ò lójú ni. Ẹ má fọwọ́ là á. Á là fúnra rẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 30 lọ ni àárín dúdú ojú ń bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì tí iná bá tàn sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà jù wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè rí láti ìta. Rẹ́tínà ni wọ́n ń pè é, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó sì ń fi ohun tí a rí ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Awọ yìí nílò ẹ̀jẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16 ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ojúkò tí okùn ojú gbà wọlé, wọ́n á máa nà lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé ìpẹ̀kun awọ náà. Ní ìhà imú, wọ́n ń dé ìpẹ̀kun ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36. Ìhà kejì jìn jù. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 40 ni wọ́n tó ń débẹ̀.

Ẹ wò ó bí ìgbà tí wọ́n ń fa wáyà iná láti Mọ́kọ́lá lọ sí àwọn àdúgbò tuntun lẹ́yìn Mọ́níyà. Tí iṣẹ́ bá dúró lójú ọ̀nà, àwọn tó wà níwájú á wà nínú òkùnkùn. Tó bá pẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í so wáyà fúnra wọn, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò lágbára, tó lọ́ mọ́ra, tó lè jó nígbàkigbà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọmọ tó tètè jáde nìyẹn.

Ṣé ìyẹn ni ẹ̀ ń pè ní ROP?

Òun ni. Retinopathy of prematurity ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀, ìyẹn àrùn rẹ́tínà ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ọmọ tó jáde ní ọ̀sẹ̀ 28, iṣan ojú rẹ̀ ò tíì dé ibi tó ń lọ. Ọ́síjìn tó bá láyé pọ̀ ju ti inú oyún lọ, iṣan náà á sì dúró lójú kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, apá awọ tí ẹ̀jẹ̀ ò dé á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ́síjìn. Á tú èròjà kan tí àwọn dókítà ń pè ní VEGF jáde láti pe iṣan tuntun. Tí èròjà náà bá pọ̀ jù, iṣan tó máa yọ ò ní gún régé. Á máa jò, á máa ṣẹ̀jẹ̀, á di àpá, àpá yẹn á sì máa fa rẹ́tínà títí tó fi máa ṣí kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́. Rẹ́tínà tó bá ti ṣí tán, agbára káká ni ìríran fi ń padà.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní i, tiwọn kì í le, á lọ fúnra rẹ̀. Àwọn díẹ̀ tí tiwọn ò ní lọ ni gbogbo àyẹ̀wò yìí wà fún, kò sì sí bí a ṣe lè fi ojú lásán mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ní Boston ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀, ní ọdún 1942. Ó wà lára ohun tó gba ojú Stevie Wonder, olórin tí gbogbo ayé mọ̀, tí wọ́n bí ní 1950 láìpé oṣù. Ìṣirò àwọn onímọ̀ fún ọdún 2010 ni pé nǹkan bí ọmọ 20,000 lágbàáyé ló fọ́ lójú tàbí tí ìríran wọn bàjẹ́ gidigidi nítorí rẹ̀. Nílẹ̀ wa, bí a ṣe túbọ̀ ń rí àwọn ọmọ kéékèèké gbà là ni a ó ṣe túbọ̀ máa rí i. Láyé àtijọ́, irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ láyé débi tí ojú wọn á fi ní wàhálà.

Ọ́síjìn ló ń fọ́ ọmọ lójú, àbí? Ṣé kí n ní kí wọ́n yọ ọ́?

Ẹ má dán an wò! A ti rí ìyá tó rọra yọ okùn ọ́síjìn nímú ọmọ nígbà tí nọ́ọ̀sì yíjú, nítorí ohun tó kà lórí fóònù. Ọmọ tí kò bá rí ọ́síjìn tó, ọpọlọ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jìyà, ó sì lè kú.

Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ́síjìn tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ń pa kún ewu ROP. Wọ́n mọ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ni àwọn ọsibítù lókè òkun bá dín ọ́síjìn kù fún gbogbo ọmọ. Ìfọ́jú dínkù lóòótọ́, àmọ́ ọmọ tó ń kú pọ̀ sí i, àwọn mìíràn sì yè pẹ̀lú ọpọlọ tó ti fara pa. Látìgbà náà ni wọ́n ti gbà pé ìwọ̀n ló ṣe kókó.

Ìwọ̀n yẹn, ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ wo ẹsẹ̀ ọmọ yín: nǹkan pẹlẹbẹ kan tó ń tan iná pupa wà níbẹ̀, wọ́n fi bándéèjì wé e mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Okùn rẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ kékeré tó ní nọ́ńbà méjì lójú. Ọ̀kan ni bí ọkàn ṣe ń lù, ìyẹn á kọjá 100 dáadáa. Ìkejì, tí àmì % wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tó ṣì wà lórí ọ́síjìn, àárín 90 sí 95 la fẹ́ kó wà. Tó bá ń já wá sísàlẹ̀ 90, ẹ pè wá. Tó bá lọ dúró sí 99 tàbí 100 tí ọ́síjìn ṣì ń fẹ́ sí i nímú, ẹ tún pè wá. Nọ́ńbà yẹn gan-an ni àwọn òbí máa ń yọ̀ sí. Ọmọ tó ti kúrò lórí ọ́síjìn tó ń mí afẹ́fẹ́ bíi ti gbogbo wa, 98 tirẹ̀ ò burú.

Màá sọ òdodo ọ̀rọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, sìlíńdà ló wà, ẹ̀rọ tó ń po ọ́síjìn mọ́ afẹ́fẹ́ ò sí, nọ́ọ̀sì kan sì lè máa ṣọ́ ọmọ tó pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Ìyá tó mọ nọ́ńbà náà ń ràn wá lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì tó bá ń bínú pé ẹ bèèrè, ẹ ṣáà bèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọmọ wo ló yẹ kó ṣe àyẹ̀wò?

Ní Amẹ́ríkà, ọmọ tó wọ̀n 1,500 gíráàmù wá sísàlẹ̀ tàbí tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ 30 wá sísàlẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, àti àwọn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ tí ara wọn ò yá rárá. Ní Íńdíà, ọmọ tí kò tó 2,000 gíráàmù tàbí tí kò tó ọ̀sẹ̀ 34 ni, torí wọ́n rí i pé níbi tí wọn ò ti lè wọn ọ́síjìn dáadáa, àwọn ọmọ tó tóbi náà ń ní i. Lójú tèmi, tiwa sún mọ́ ti Íńdíà. Tí ọmọ yín ò bá tó ọ̀sẹ̀ 34, tàbí tí kò tó kílò méjì, ẹ bèèrè àyẹ̀wò ojú. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣùgbọ́n tó pẹ́ lórí ọ́síjìn, tí àkóràn wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tàbí tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára léraléra, ẹ ṣì bèèrè.

Ti àwọn ìbejì ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí ni Igbó-Ọrà wà, kò sẹ́ni tó máa kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ìbejì, ìbejì sì sábà máa ń tètè jáde. Méjèèjì ni kí ẹ gbé lọ. A ti rí ìyá tó gbé Kẹ́hìndé nìkan wá torí pé òun ló kéré, tó fi Táyé sílé.

Ìgbà wo ni àyẹ̀wò náà, ṣé mo lè sún un síwájú?

Àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ nígbà tí ọmọ bá lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láyé. Àwọn tó kéré jù, tí kò tó ọ̀sẹ̀ 28 tàbí tí kò tó 1,200 gíráàmù, ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta ni ìlànà Íńdíà ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Lẹ́yìn ìyẹn, dókítà á sọ ìgbà tí ẹ máa padà: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí tí iṣan á fi dé ìpẹ̀kun.

Ẹ ò lè sún un. ROP tó máa le sábà máa ń dé ibi tó ti nílò ìtọ́jú nígbà tí ọ̀sẹ̀ tí ọmọ lò nínú oyún àti èyí tó ti lò láyé bá jọ di nǹkan bí 36 tàbí 37. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ọmọ ọ̀sẹ̀ 28: ó di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìbí. Ibo ni ọmọ máa ń wà nígbà náà? Ilé ni. Ó ti kúrò nínú ínkúbétọ̀, àpótí tó ń mú ọmọ móoru, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń yọ, ẹbí ti wá kí yín kú ewu, ẹ ti lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, owó sì ti tán lápò. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà dókítà ojú máa ń wà nínú báàgì tí ẹ kó aṣọ ọmọ sí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń padà wá bá wa ní oṣù karùn-ún pé ọmọ ò wo àwọn lójú, wọ́n ní lẹ́tà yẹn lọ́wọ́.

Tí ọsibítù bá ń dá yín sílẹ̀ tí wọn ò dárúkọ ojú, ẹ bèèrè kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Tí ọjọ́ tí wọ́n dá bá bọ́ sí àsìkò ìyanṣẹ́lódì, ẹ má dúró kó parí. Ẹ wá ibòmíràn lọ́sẹ̀ náà. Tí ọmọ bá ṣì wà ní wọ́ọ̀dù nígbà tí ọjọ́ pé, dókítà ojú ló yẹ kó wá bá a níbẹ̀. Kò dìgbà tí wọ́n bá dá a sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi ń la ojú, ó ń wo iná. Kí ni mo tún ń lọ ṣe?

Ọmọ tí rẹ́tínà rẹ̀ ń ṣí díẹ̀díẹ̀ náà lè la ojú kó máa wo iná. ROP kì í jẹ́ kí ojú pọ́n, kì í dunni, kì í ṣe ipin. Ìgbà tí ìyá bá fi máa rí nǹkan kan, ó ti pẹ́ jù.

Kí ni wọ́n máa ṣe fún un níbẹ̀?

Ẹ ti fún un lọ́mú tó wákàtí kan ṣáájú, kó má baà bì. Nọ́ọ̀sì á kán oògùn sí ojú méjèèjì, á tún un kán lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, kí àárín dúdú ojú lè fẹ̀. Ó lè tó wákàtí kan kó tó fẹ̀ tán. Awọ tó yí ojú ká lè funfun díẹ̀ nítorí oògùn náà. Á padà sípò. Ẹ fi òwú nu èyí tó bá ṣàn sẹ́rẹ̀kẹ́.

Lẹ́yìn náà wọ́n á wé ọmọ pinpin nínú aṣọ, tọwọ́tọwọ́. Wọ́n á kán oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora, wọ́n á wá fi irin tín-ín-rín kan di ìpéǹpéjú mú kó má lè pa á dé. Dókítà á gbé iná síwájú orí ara rẹ̀, á na gíláàsì róbótó kan sókè ojú ọmọ, á fi irin kékeré mìíràn rọra yí ẹyinjú kó lè rí ìpẹ̀kun awọ ní gbogbo ìhà. Kì í pẹ́. Ọmọ á ké, ìyá náà á fẹ́ ké. Tí ẹ ò bá lè wò ó, ẹ jókòó síta, kò sẹ́ni tó máa bú yín. Tí ẹ bá lè dúró, ẹ gbé ọwọ́ lé e láyà kí ẹ máa kì í. Ohùn yín ló mọ̀, "Àjọkẹ́ mi, rọra" sì ń ṣe ju bí ẹ ṣe rò lọ. Omi ṣúgà tàbí omi ọmú tí nọ́ọ̀sì bá kán sí i láhọ́n máa ń dín ìrora náà kù.

Nílé, ojú lè pọ́n, ìpéǹpéjú lè wú fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Tí mímí rẹ̀ bá ń dá dúró, tí kò gba ọmú mọ́, tàbí tí ikùn rẹ̀ wú lọ́jọ́ náà, ẹ gbé e padà kíá.

Tí wọ́n bá rí i ńkọ́?

Ìpele márùn-ún ni wọ́n pín in sí. Ìkíní àti ìkejì, ọ̀pọ̀ ìgbà wọ́n á kàn máa ṣọ́ ọ ni. Tó bá dé ìkẹta tí iṣan ẹ̀yìn ojú sì wú tó lọ́ mọ́ra, ìtọ́jú ti yá. Ìkẹrin, rẹ́tínà ti ń ṣí. Ìkarùn-ún, ó ti ṣí tán. Dókítà tún máa wo bí ibi tí iṣan dúró sí ṣe jìn tó. Èyí tó dúró nítòsí àárín léwu ju èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìpẹ̀kun lọ.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Lésà ni àkọ́kọ́: wọ́n á fi iná rẹ̀ jó apá awọ tí ẹ̀jẹ̀ ò dé kó má lè tú VEGF jáde mọ́. Ó ń gba díẹ̀ lára ìríran ẹ̀gbẹ́ ojú, ọmọ náà sì lè nílò awò ojú lọ́jọ́ iwájú, àmọ́ ó ń gba àárín ojú là. Èkejì ni abẹ́rẹ́ inú ojú, bevacizumab tàbí ranibizumab, tó ń pa agbára VEGF náà. Ó yá ju lésà lọ, ṣùgbọ́n àrùn náà lè padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nítorí náà ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ ìpadàbọ̀ kankan ṣeré.

Àárín wákàtí 48 sí 72 lẹ́yìn tí dókítà bá sọ pé ó ti yá ni kí wọ́n ṣe é. Mo mọ bí nǹkan ṣe rí nílé wa: bàbá ọmọ á ní kí òun kọ́kọ́ bá ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Èkó sọ̀rọ̀, àwọn kan á ní kí a gbàdúrà sí i di ọjọ́ Àìkú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú àyẹ̀wò, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó máa sanwó bá yín lọ.

Ibo la lè lọ ní Ìbàdàn?

UCH (University College Hospital), tó ṣílẹ̀kùn ní 1957, ní ẹ̀ka ojú àti ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tuntun nínú ọgbà kan náà. Ibẹ̀ ni mo máa ń ní kí òbí kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ sí Adéọ̀yọ́ ní Yemẹ́tù, sí ọsibítù Kátólíìkì ní Ẹlẹ́tà tàbí sí ọsibítù aládàáni, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà ọmọ yín. Tí ẹ bá pe ibikíbi lórí fóònù, ẹ má bèèrè pé "ṣé ẹ̀ ń ṣe ojú?" Ẹ ní: "Ṣé ẹ ní dókítà tó ń wo rẹ́tínà ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé fún ROP, ọjọ́ wo ló sì ń wá?" Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta awò ojú ò lè ṣe é.

Ìyá ọkọ mi ní kí n kán omi ọmú sí i lójú, kí n sì lé tìróò fún un.

Omi ọmú, ẹnu ọmọ ni kó máa lọ. Lójú, kò lè wo ROP, ó sì lè gbé kòkòrò wọ ibẹ̀. Tìróò le jù bẹ́ẹ̀ lọ: òjé wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Omi ewé, ìtọ̀, omi àlùbọ́sà, ẹ má dá wọn láṣà.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti sọ fún ìyá ọkọ. Ẹ fi wá bojú: "Màámi, nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi, wọ́n ní àwọn á bá mi jà." Kí ẹ sì fún wọn ní iṣẹ́ gidi ṣe. Kí wọ́n fọwọ́ dáadáa, kí wọ́n fi òwú tútù tí a rẹ sínú omi tó ti hó tó sì ti tutù nu ojú ọmọ láti ẹ̀gbẹ́ imú lọ sí ìta, òwú kan fún ojú kan. Àwọn ìyá àgbà tí mo mọ̀ máa ń ṣe é dáadáa ju ìyá ọmọ lọ.

Ojú rẹ̀ ń ṣe ipin. Ṣé Àpólò ni?

Ẹ má ra oògùn Àpólò ní kẹ́mísì fún ọmọ tuntun. Ojú tó wú tó ń ṣe ọyún láàárín oṣù àkọ́kọ́ lè jẹ́ àkóràn tó mú lára ìyá nígbà ìbí, èyí tó le nínú wọn sì lè ba ojú jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọsibítù, lọ́jọ́ náà. Omijé tó kàn ń ṣàn láì pọ́n, tí ipin díẹ̀ tẹ̀ lé e, ó lè jẹ́ ihò omijé tí kò tíì là. Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó.

Iná búlúù tí wọ́n fi ń wo ibà pọ́njú, ṣé kò ní fọ́ ọ lójú? Iná fóònù tí a fi ń ya fọ́tò ńkọ́?

Aṣọ tí a fi ń bo ojú ọmọ lábẹ́ iná búlúù wà fún ìyẹn. Ẹ má ṣí i láti rí i bó ṣe ń wò. Ní ti ROP, ìwádìí ńlá kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1998 fi hàn pé bíbo ojú ọmọ kúrò lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀ kò dá a dúró. Ìmọ́lẹ̀ kọ́ ló ń fà á. Fọ́tò yín ò fọ́ ọ lójú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó sùn.

Ṣé ohun kankan wà tí èmi fúnra mi lè ṣe fún ojú rẹ̀?

Ó wà. Ẹ fún un ní omi ọmú, bó ti wù kó kéré mọ. Ọmọ tí kò bá tóbi sí i dáadáa láàárín àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ewu ROP rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i, àkóràn náà sì ń pa kún un. Omi ọmú ń bá wa jà ní ìhà méjèèjì. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ ní kí àwọn àlejò fọ tiwọn. Ẹ gbé e sáyà ní ìhòòhò pẹ̀lú fìlà àti nápíkìn, kí awọ kan awọ, kí ẹ fi ìró dì í. Ní Bogotá ní Kòlóńbíà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1978, nígbà tí ínkúbétọ̀ ò kárí, ó sì ń gba ẹ̀mí là. Bàbá náà lè gbé e. Láyà yín, ojú yín wà níwọ̀n ibi tó lè rí.

Ìgbà wo ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí, tó máa rẹ́rìn-ín sí mi?

Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ̀sẹ̀ tó jẹ oyún. Ọmọ tí ẹ bí ní ọ̀sẹ̀ 28 fi ọ̀sẹ̀ 12 ṣáájú. Nígbà tó bá pé oṣù márùn-ún, bí ọmọ oṣù méjì ni kí ẹ ṣe máa wò ó. Ẹ má fi í wé ọmọ aládùúgbò tí wọ́n jọ bí lóṣù kan náà.

Lórí ìṣirò yẹn, ẹ máa retí pé nígbà tó bá tó oṣù méjì, á tẹjú mọ́ yín, á rẹ́rìn-ín bí ẹ bá rẹ́rìn-ín sí i. Ní oṣù mẹ́ta, ojú rẹ̀ á máa tẹ̀ lé ohun tó ń kọjá. Ohun tó dúdú lórí funfun ló rọrùn fún un jù láti rí, ojú èèyàn sì wà lókè gbogbo rẹ̀. Ẹ jókòó níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ dákẹ́ ẹnu, kí ẹ rọra yí orí yín sí ọ̀tún, sí òsì. Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, etí ló fi ń tẹ̀ lé yín, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ó ríran.

Ojú rẹ̀ kan wọ́ sínú. Àti pé nínú fọ́tò, ojú kan funfun.

Ojú wíwọ́ tó ń wá tó ń lọ kì í ṣe nǹkan bàbàrà ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Tó bá wọ́ gbére, tàbí tí kò lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin lórí ìṣirò tí mo sọ yẹn, dókítà ojú ní láti rí i. Àárín dúdú ojú tó bá ń funfun, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó lè jẹ́ rẹ́tínà tó ṣí, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ojú ọmọdé, a sì lè gba ẹ̀mí ọmọ náà là tí ẹ bá tètè wá.

Dókítà ní ROP ti lọ. Ṣé ó ti parí?

Ti ROP parí, ti ojú kò tíì parí. Àwọn ọmọ tó tètè jáde, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣe lésà fún, máa ń nílò awò ojú ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ohun tó jìnnà kì í hàn sí wọn. Ojú kan lè máa ríran ju èkejì lọ kí ọpọlọ sì pa èyí tí kò ríran dáadáa tì, ni wọ́n á bá bo èyí tó dára fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ kí èkejì lè ṣiṣẹ́. Irú ìtọ́jú yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù nígbà tí ọmọ kéré. Àwọn mìíràn, ojú wọn mọ́ kedere, ọpọlọ tó fara pa nígbà ìbí ni kò lè túmọ̀ ohun tí ojú rí. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ṣáájú ọdún kan, kó sì tún lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Awò ojú kì í ba ojú ọmọdé jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ ọ kúrò lójú rẹ̀.

Wọ́n ti sọ fún wa pé kò ní ríran. Kí la ó ṣe?

Ẹ lè sunkún. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má sun ún. Ẹ̀bi yín kọ́, ẹ̀bi àfọ̀ṣẹ tàbí ayé kọ́. Ẹ bèèrè bóyá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣì wà, torí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí ṣì ń mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, ìyẹn sì wúlò. Ẹ má fi í sórí ẹní láti àárọ̀ di alẹ́ kó má baà ṣubú. Ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ kan ohun tí ẹ̀ ń dárúkọ: ṣíbí, gàrí, irùngbọ̀n bàbá rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún un kí ẹ tó gbé e. Ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláìríran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, Federal College of Education (Special) sì wà ní Ọ̀yọ́. Àwọn tó mọ ilé ìwé àti olùkọ́ tó yẹ ọmọ yín wà níbẹ̀. Ẹ lọ bá wọn kí ọmọ tó rìn, ẹ má dúró kó tó ọmọ ilé ìwé.

Mo tún ti lóyún. Ṣé irú ẹ̀ tún máa ṣẹlẹ̀?

Ìyá tó ti tètè bí rí lè tún tètè bí, nítorí náà ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní kété tí ẹ bá mọ̀, ní ọsibítù tó ní ibi ìtọ́jú ọmọ kéékèèké. Ẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ọ̀sẹ̀ báyìí ni ti tẹ́lẹ̀ jáde. Tí ìrọbí bá fẹ́ mú yín ṣáájú ọ̀sẹ̀ 34, abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n lè fún ìyá láti mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó. Ọmọ tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bá lágbára kì í lo ọ́síjìn púpọ̀. Ó nílò àkókò kó tó ṣiṣẹ́, nítorí náà tí inú bá ń fún yín tàbí omi dà, ẹ má sọ pé kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ẹ mú káàdì ti ọmọ àkọ́kọ́ dání lọ, èyí tí ẹ kọ iye ọ̀sẹ̀ àti gíráàmù rẹ̀ sí.